Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ibi Ìgbafẹ́ Ìlú fún Ọdún Mẹ́wàá Láì Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ tó ti di igbó lónìí, owó wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí wọn. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. Ohun tí kò sí ni ẹni tó bi àwọn ará àdúgbò léèrè bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ yẹn wúlò fún wọn, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ni yóò máa gé koríko ibẹ̀ ní ọdún kẹrin. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́: òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ọmọ ìgbìmọ̀ àdúgbò, tàbí ẹgbẹ́ àwọn olùgbé tó fẹ́ kí pápá wọn tọ́jọ́. Ètò ọlọ́dún mẹ́wàá ni mo ní lọ́kàn. Èyí tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ kì í dúró de igi kó dàgbà, èyí tó bá sì gùn jù bẹ́ẹ̀, àwọn tó fọwọ́ sí i kì í sábà sí lórí àga mọ́ nígbà tí ó bá tó àkókò láti dáhùn fún un.

1. Ẹ sọ ibi tí ohùn ará ìlú yóò dé

Kí ẹ tó pe ìpàdé kankan, ẹ jókòó ti àwọn tó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ àti owó. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀, kó má ju ojú ìwé kan lọ: ilẹ̀ tí ètò yìí kàn àti èyí tí kò kàn, owó tó dájú àti èyí tí ẹ ṣì ń retí, àti ẹni tí yóò buwọ́ lù ú níkẹyìn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pinnu bí ọ̀rọ̀ àwọn aráàlú yóò ti lágbára tó. Ní 1969, Sherry Arnstein, obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà kan, pín ìkópa ará ìlú sí ìpele mẹ́jọ, ó tò wọ́n bí àtẹ̀gùn àkàsọ̀. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n kàn ń fi ìpàdé tan àwọn ènìyàn jẹ ni. Ní àárín, wọ́n ń gbọ́ tẹnu wọn, ṣùgbọ́n aláṣẹ ló ń dá ìpinnu ṣe. Lókè pátápátá, ọwọ́ ará ìlú ni èkù idà wà. Ìlú Porto Alegre ní orílẹ̀-èdè Brazil gòkè dáadáa lórí àkàsọ̀ yìí láti 1989, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn olùgbé pàdé ní agbègbè-agbègbè, kí wọ́n sì máa sọ iṣẹ́ tí a ó fi apá kan nínú owó ìlú ṣe.

Kò pọn dandan kí tiyín ga tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí ẹ ṣèlérí ìpele keje, kí ẹ sì ṣe ìkẹta. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ràn lásán lẹ fẹ́ gbà, ẹ là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pinnu pé ọ̀nà ọkọ̀ tuntun yóò gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, ẹ má bi ẹnikẹ́ni bóyá ó fẹ́ ẹ tàbí kò fẹ́ ẹ, torí ìdáhùn rẹ̀ kò lè yí nǹkan kan padà. Ẹ bi í níbi tó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ti máa sọdá.

2. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, kí ẹ sì kà á

Ẹ mú máàpù dání, kí ẹ lọ sí gbogbo ibi ìgbafẹ́ àti pápá ìṣeré tó wà, títí kan ilẹ̀ òfìfo tí àwọn ọmọdé ti sọ di pápá fúnra wọn. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ṣùgbọ́n kí àkọsílẹ̀ náà ní ojú. "Bẹ́ǹṣì 6, wọ́n dára" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èyí ló wúlò: "Bẹ́ǹṣì kẹta láti ẹnu ọ̀nà: pákó rẹ̀ ti sán lápá òsì, oòrùn máa ń pa á láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀, àwọn àgbàlagbà mẹ́rin gbé àga tiwọn wá sábẹ́ igi tó wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i." Láti inú gbólóhùn kan yìí, ẹ ti mọ̀ pé pákó tuntun kọ́ ni bẹ́ǹṣì náà ń fẹ́, ibòòji ni.

Ẹ ka àwọn ènìyàn náà. Ẹ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì ó kéré tán àti ọjọ́ ìsinmi kan, ní òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ pín pápá sí apá mélòó kan, ẹ wo apá kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fa ìlà fún ẹni kọ̀ọ̀kan: ọkùnrin tàbí obìnrin, ọmọdé, ọ̀dọ́langba, àgbà tàbí arúgbó, ó jókòó, ó ń rìn, tàbí ó ń ṣeré tó ń mú kó làágùn. Ẹ má gba orúkọ, ẹ má ya fọ́tò. Bébà ìlà wọ̀nyí ni yóò gbà yín lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá dìde ní ìpàdé tó ní "kò sẹ́ni tó ń lo ibẹ̀".

Ẹ wá wo ọ̀nà tó já síbẹ̀. Ẹ̀ka Yúróòpù ti Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ibi ewéko tútù tó fẹ̀ tó ìdajì héktà ó kéré tán wà láàárín nǹkan bí 300 mítà sí ilé ẹni. Ìwọ̀n tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òbìrìkítí tí wọ́n fi kọ́ńpáàsì fà sórí máàpù máa ń purọ́. Ilé kan lè wà ní 200 mítà sí pápá, kí odò, ògiri tàbí ọ̀nà márosẹ̀ sì wà láàárín wọn, kí ọmọ ọdún mẹ́jọ má lè débẹ̀ láìjẹ́ pé àgbà kan mú un lọ. Ẹ rin ọ̀nà náà bí ọmọ yẹn yóò ṣe rìn ín, kí ẹ sì fi ọ̀dà pupa kun gbogbo ibi tó ti gbọ́dọ̀ dúró. Nígbà mìíràn, ibi ìsọdá kan ṣoṣo lójú títì máa ń ṣe ìlú láǹfààní ju pápá tuntun lọ.

Ẹ wọn ilẹ̀ kí ẹ tó ṣèlérí. Pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tó tó fún ìdíje láàárín orílẹ̀-èdè máa ń gùn láti 100 sí 110 mítà, ó sì máa ń fẹ̀ láti 64 sí 75. Ti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n jẹ́ 28 sí 15, ti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá tó ní nẹ́ẹ̀tì láàárín jẹ́ 18 sí 9. Ẹ gé bébà ní ìwọ̀n wọn, kí ẹ máa tò wọ́n sórí máàpù, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ yí ká. Kí orí pápá gbígbòòrò kọjú sí àríwá, kí ìdí rẹ̀ kọjú sí gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà máa wọ ojú ẹni tó ń ṣọ́ gólì. Ọ̀pọ̀ àlá ló máa ń dúró síbi tí bébà kò bá ti gba àyè, ó sì sàn kó dúró síbẹ̀ ju kó dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti da kọnkéré.

3. Ẹ tọ àwọn ènìyàn lọ

Ibí ni iṣẹ́ náà wà jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ń sáré kọjá. Wọ́n á pe ìpàdé gbogboogbò kan, wọ́n á to àga, wọ́n á gbé máíìkì kalẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti gbọ́ ti ará ìlú. Àwọn tó ń wá sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ráyè, ẹni tó ń bínú, àti ẹni tó fẹ́ràn máíìkì. Ìyá tó ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní aago méje alẹ́ kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó ń lo pápá lójoojúmọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ má fagi lé ìpàdé o, ó ní ìwúlò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jáde, ibùdókọ̀, ọjà, ilé ìjọsìn, àti yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà.

*Ohun tí ẹ ó bi wọ́n.* Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kí lẹ fẹ́?" Ẹni tí a bá bi bẹ́ẹ̀ á ní òun fẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ta ni kò fẹ́ ẹ? Ẹ bi í nípa ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Níbo ni ọmọ yín ti ṣeré ní ọjọ́ Sátidé? Ta ló mú un lọ? Ìgbà wo lẹ lọ sí pápá kẹ́yìn? Kí ló mú yín kúrò níbẹ̀? Ká ní ìyá kan sọ pé jangirọ́fà lòun fẹ́. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa ń pẹ́ tó níbẹ̀. Ó ní ìdajì wákàtí. Kí ló dé? "Ọmọ á fẹ́ tọ̀, kò sí ibi tí mo lè gbé e lọ, a ó máa lọ sílé nìyẹn." Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń wá. Bí ẹ bá kọ jangirọ́fà sílẹ̀ tí ẹ sì kọjá lọ, ẹ ó ra á, ìdajì wákàtí náà ni yóò ṣì máa lò.

*Àwọn tí kò sí níbẹ̀.* Ẹ padà sí bébà ìlà yín, ẹ wo ẹni tí ìlà rẹ̀ kò pọ̀. Nílùú Vienna ní Austria, wọ́n ṣàkíyèsí ní ọdún 1990 sí 1999 pé àwọn ọmọbìnrin ń pòórá nínú ibi ìgbafẹ́ bí wọ́n bá ti kọjá nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Pápá kan ṣoṣo tó gbòòrò ló wà, àwọn ọmọkùnrin ló sì máa ń gbà á. Ìjọba ìlú náà tún ibi ìgbafẹ́ méjì ṣe ní agbègbè karùn-ún: wọ́n pín àyè ńlá sí kéékèèké, wọ́n fi ibi eré mìíràn kún ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n ṣe ọ̀nà tó dára láàárín wọn. Àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Bó bá jẹ́ pé àwọn tí wọ́n bá nínú pápá nìkan ni wọ́n bi, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọn ì bá máa gbọ́ títí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá. Ẹ bẹ ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kó bá yín yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ní ẹnu géètì ti tó láti sé gbogbo ohun rere tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ojú ọ̀nà tó ń gòkè ni pé kí ó gùn ní mítà 12 fún mítà kan tó bá fi ga. Àwọn arúgbó, ní tiwọn, sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí ibi ìjókòó: ó rẹlẹ̀ jù, kò ní ẹ̀yìn, kò ní ibi ìgbọ́wọ́lé, ó jìnnà sí èyí tó tẹ̀ lé e. William Whyte, tó lo ọdún púpọ̀ láti wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo gbàgede New York, rí i pé àga tó ṣeé gbé kiri wù wọ́n ju èyí tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ lọ. Kódà ẹni tí kò níbi tó ń gbé e lọ á sún un díẹ̀ kó tó jókòó.

Àwọn ọ̀dọ́langba? Ìgbà tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ wọn. Ẹ pè wọ́n lọ́tọ̀, kí òbí àti olùkọ́ má sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín mọ̀nà.

*Ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́.* Nígbà tí ẹ bá ti mọ ohun tó ń dun àwọn ènìyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yàn, kí yíyàn náà sì ní iye. Ẹ to agolo mẹ́fà sórí tábìlì, kí ẹ lẹ àwòrán mọ́ ara ọ̀kọ̀ọ̀kan: ilé ìgbọ̀nsẹ̀, igi àti bẹ́ǹṣì, iná, ọ̀nà ìrìn, ibi ìṣeré ọmọdé, pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ kọ iye òkúta tí yóò kún un sí iwájú rẹ̀, kí iye náà bá owó kíkọ́ àti owó àbójútó ọdún mẹ́wàá mu. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè gba òkúta mẹ́fà, igi àti bẹ́ǹṣì lè gba méjì. Ẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní mẹ́wàá péré. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ọkọ àti aya á máa yọ òkúta ara wọn kúrò. Ẹ fi ẹnìkan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì kó máa kọ àríyànjiyàn náà sílẹ̀, nítorí iye òkúta á sọ ohun tí wọ́n yàn fún yín, àríyànjiyàn ni yóò sọ ìdí.

*Ẹ má da iye pọ̀.* Ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kan lè kó fọ́ọ̀mù 80 wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹgbẹ́ kan ni. Nítorí náà, ẹ mú àwọn ilé kan láìṣojúsàájú, bí àpẹẹrẹ ilé kẹwàá-kẹwàá ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kanlẹ̀kùn wọn. Ẹ tọ́jú iye ti ilé, ti ìpàdé àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ ohun kan náà, ọkàn yín balẹ̀. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, ti ilé ni mo máa ń fọkàn tán jù.

Ìjà àyè ń bọ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù á ní àwọn tó ń rìn ń dí àwọn lọ́wọ́, onílé tó wà létí pápá á ní ariwo ti pọ̀ jù. Ẹ má sáré dìbò. Ẹ wo aago ná: lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn méjì tó ń jà lórí ilẹ̀ kan náà kì í fẹ́ ẹ ní wákàtí kan náà.

4. Ẹ dá èsì padà

Ẹ ṣe àtẹ olójú mẹ́ta: ohun tí a gbọ́, ohun tí a ṣe sí i, àti ìdí rẹ̀. Ojú kẹta ló ṣòro jù, òun ni kò sì gbọdọ̀ ṣófo. "A gbọ́ pé ẹ fẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Kò sí nínú ètò yìí. Owó omi, owó kẹ́míkà àti owó àwọn tó ń ṣọ́ ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ yóò jẹ ju ìdajì owó àbójútó gbogbo pápá tó kù lọ." Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọlé lè kùn, ṣùgbọ́n yóò wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí wọn kò dá lóhùn rárá kò ní padà wá.

Ẹ tẹ ètò àkọ́kọ́ jáde ní èdè tí wọ́n ń sọ ládùúgbò, kí ẹ sì gbé máàpù rẹ̀ kọ́ sínú pápá gan-an, ní ìwọ̀n ojú, fún ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán. Ẹ so bírò mọ́ ọn.

5. Ẹ pín in sí ìpele, kí ẹ ṣírò owó àbójútó kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun

Bí ẹ bá ń to iṣẹ́, ẹ fi ohun tó lè ṣe ènìyàn léṣe ṣíwájú, lẹ́yìn rẹ̀ àdúgbò tí kò ní ibi ìgbafẹ́ kankan, lẹ́yìn rẹ̀ ibi tí èrò pọ̀ sí. Ìtò yìí kì í dùn mọ́ àwọn olóṣèlú nínú, torí jíjan irin tó ti yọ padà mọ́lẹ̀ kò ṣeé gé ríbọ́ọ̀nù fún.

Ní ọdún kìíní, ẹ ṣe nǹkan kékeré kan tí gbogbo ènìyàn yóò rí láàárín oṣù mẹ́ta: ẹ tún géètì ṣe, ẹ la ọ̀nà omi tó dí. Ní ọdún kìíní yẹn náà ni kí ẹ gbin igi, ì báà jẹ́ pé ọdún kẹfà ni ẹ ó tó kọ́ ibi ìṣeré tí yóò wà lábẹ́ wọn. Owó kò lè ra ibòòji ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ kan. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa bomi rin wọ́n ní ọdún méjì àkọ́kọ́, nítorí ìgbà yẹn ni igi tí wọ́n gbìn sílùú sábà máa ń kú jù.

Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ kọ́, ẹ ṣe ìwé àbójútó: iṣẹ́ tó ń fẹ́, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún, ta ni yóò ṣe é, èló. Ẹ wo ibi ìṣeré ọmọdé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìfarapa ibẹ̀ máa ń wá láti inú kí ọmọ já bọ́, nítorí náà ohun tó wà nílẹ̀ lábẹ́ irin ṣe pàtàkì ju àwọ̀ irin náà lọ. Bí ẹ bá lo iyanrìn tàbí pákó wẹ́wẹ́, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, òjò á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ibi tí wọ́n sì ń bọ́ sí jù gan-an, lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ wálẹ̀ àti lábẹ́ jangirọ́fà, ni yóò kọ́kọ́ di ilẹ̀ líle. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa fi réèkì kó o padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa ra kún un. Irin náà fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀, lè lò tó ọdún 15 sí 20. Ẹ pín iye tí ẹ fi rà á sí 15, kí ẹ máa fi ìdá kan pamọ́ lọ́dọọdún láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ṣí i.

Ẹ wá ro gbogbo ìwé àbójútó pọ̀. Bó bá ju owó tí ìlú lè san lọ́dún lọ, ẹ dín ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ kù. Ẹ má sọ pé "àwọn ará àdúgbò á máa bójú tó o". Ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni lè ṣa ìdọ̀tí ní Sátidé, wọn kò lè tún wáyà iná ṣe.

6. Ẹ dáàbò bo ilẹ̀ náà

Ilẹ̀ tó ṣófo láàárín ìlú máa ń wọ àwọn ènìyàn lójú. Ní 1989, ìjọba Kenya fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sínú Uhuru Park ní Nairobi. Wangari Maathai, obìnrin ọmọ Kenya tó ń jà fún àyíká, kọ lẹ́tà, ó pariwo, wọ́n bú u, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ fowó sí i fà sẹ́yìn, ilé náà kò dìde. Ní Berlin, pápá ọkọ̀ òfuurufú Tempelhof tí wọ́n tì ní 2008 di ibi ìgbafẹ́ ní 2010. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ilé sí etí rẹ̀, àwọn olùgbé dìbò ní 2014, wọ́n ní àwọn kò fẹ́, ó sì di òfin.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ẹ má dúró de ìjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n ri òpó sí igun rẹ̀, kí ìwé rẹ̀ wà ní orúkọ ìlú, kí òfin ìlò ilẹ̀ sì pè é ní ibi ìgbafẹ́. Ẹ fi kún un pé wọn kò gbọdọ̀ yí ìlò rẹ̀ padà láìṣe ìpàdé gbangba àti láìfi ilẹ̀ tó tó o, tó sì wà ládùúgbò kan náà, dípò rẹ̀. Ẹ wá agbẹjọ́rò fún apá yìí.

7. Ẹ padà wò ó

Lọ́dọọdún, kí ìgbìmọ̀ tí àwọn olùgbé wà nínú rẹ̀ gbé ojú ìwé méjì jáde: ohun tí a ní a ó ṣe, ohun tí a ṣe, owó tó wọlé, owó tó jáde. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí máàpù àkọ́kọ́ wà. Ní ọdún karùn-ún, ẹ tún ènìyàn kà, kí ó jẹ́ oṣù kan náà, wákàtí kan náà, bébà ìlà kan náà, kí ẹ sì gbé méjèèjì síra wọn ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tuntun tí a ó kọ́.